Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Bí ènìyàn bá mú ìwé àpèjúwe ọkọ̀ BMW 330e, tí àwọn ará Munich bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2016, sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ó sì mú ti Mercedes-Benz C 350 e, tí àwọn ará Stuttgart ti gbé jáde ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, sí ọwọ́ òsì, kì í ṣe ẹwà ara ọkọ̀, kì í ṣe awọ tí a fi bo àga inú rẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe iye owó rẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ olùfẹ́ ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá, bí kò ṣe nọ́ńbà kékeré kan: 6.1 níhìn-ín, 5.9 lọ́hùn-ún. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń gbéra láti ojú kan tí ó dúró sí, títí eré rẹ̀ yóò fi di 100 kìlómítà ní wákàtí, ni nọ́ńbà náà ń sọ. Lórí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, àkókò tí kò ju èyí tí a fi ń ṣẹ́jú lọ, ni àwọn ènìyàn ti jiyàn títí ohùn fi há, tí àwọn òǹkọ̀wé nípa ọkọ̀ sì ti dé ọ̀kan ládé, tí wọ́n ṣí fìlà lórí èkejì.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú sùúrù lónìí ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó láti fi wọn ìgbéra ọkọ̀ tí ó ń mu epo tí ó sì ń jẹ iná mànàmáná; méjì ni ó yẹ kí ó jẹ́, ọ̀kan fún ìgbà tí iná kún inú bátìrì rẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà tí iná náà ti tán; ẹnikẹ́ni tí ó bá sì gbé ti àkọ́kọ́ síta tí ó fi ti èkejì pamọ́, ìdajì òtítọ́ ni ó tà fún òǹrajà ní iye owó odindi.

A kì í dárúkọ akọni ká má ki í, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ki àwọn méjèèjì kí a tó tú wọn palẹ̀. BMW 330e, ọmọ Bavaria, tí kò gbàgbé pé táyà ẹ̀yìn ni àwọn baba òun fi ń ti ara wọn síwájú, ní ẹ̀rọ epo bẹntiróòlù onílítà méjì tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 184, àti ẹ̀rọ oníná tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 88, èyí tí a kì bọ inú àpótí jíà rẹ̀ tí ó ní jíà mẹ́jọ. Bátìrì rẹ̀, tí ó ń gba iná 7.6 kWh, wà lábẹ́ ilẹ̀ búùtù. Mercedes C 350 e, ìran Mẹsíìdì ọlọ́yẹ́ tí a ti fi ń ki olówó àti ọlọ́lá nílẹ̀ wa tipẹ́, lo ẹ̀rọ epo onílítà méjì bákan náà, ṣùgbọ́n ti ẹṣin 211. Ó fi ẹ̀rọ oníná ti ẹṣin 82 tì í lẹ́yìn, jíà rẹ̀ jẹ́ méje, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 6.2 kWh. Àti èkíní àti èkejì, wáyà ni a fi ń so wọ́n mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, bí wákàtí méjì sí mẹ́ta a sì ti tó láti mú kí bátìrì wọn kún, bí iná bá wà tí ó sì lágbára.

Bí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe ń gbéra yẹ kí ó yé wa dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ẹ̀rọ epo, bí àgbàlagbà tí ó fẹ́ dìde lórí ẹní ni ó rí: àfi kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti orúnkún, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó tó nàró. Ó ní láti yí dé ìwọ̀n kan, èéfín tí ń ti inú rẹ̀ jáde sì ní láti yí fáànù kékeré tí ń fún un ní afẹ́fẹ́ sí i, kí agbára rẹ̀ tó pé. Ẹ̀rọ oníná kò mọ irú ìdúródè bẹ́ẹ̀. Kí ó tó yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní kété tí iná bá ti kàn án lára, gbogbo agbára yíyí tí ó ní ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: 250 Nm nínú BMW, 340 Nm nínú Mercedes. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ epo ṣì ń kó èémí jọ, ẹ̀rọ oníná ti ti ọkọ̀ kúrò lójú kan, ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá rì mọ́ àga, kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ epo rárá.

Ṣùgbọ́n agbára méjì nínú ọkọ̀ kan kì í ṣe ohun tí a kàn ń rò pọ̀ bí owó ọjà. 184 àti 88 jẹ́ 272. Síbẹ̀ ẹṣin 252 ni àwọn ará Munich kọ sílẹ̀ fún àpapọ̀ rẹ̀. 211 àti 82 jẹ́ 293. 279 ni àwọn ará Stuttgart kọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń ré ara wọn jẹ: ibi tí agbára ẹ̀rọ epo ti ń dé góńgó kọ́ ni ti ẹ̀rọ oníná ti ń dé góńgó, ẹni tí ó bá sì ro góńgó méjì tí kì í pàdé pọ̀ ti ṣi ìṣirò. Ti agbára yíyí tilẹ̀ ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí 420 Nm ni BMW kọ fún àpapọ̀ tirẹ̀, Mercedes sì kọ 600. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà méjì yìí nìkan yóò rò pé Mercedes yóò bu eruku lu BMW lójú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára yíyí tí a kọ sínú ìwé kọ́ ni ó ń dé ara táyà. Jíà ni ó ń sọ ọ́ di púpọ̀ tàbí díẹ̀ lójú ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn méjì péré ni ó sì ń gbé e kalẹ̀ sórí ọ̀dà. Láti òdo dé 100, ohun tí ó ń dá ẹjọ́ náà jù lọ ni ìwọ̀n ẹrù tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń fà. BMW tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bí kìlógíráàmù 1,735 bí a bá ka awakọ̀ mọ́ ọn, Mercedes tó nǹkan bí 1,780. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ẹṣin BMW kọ̀ọ̀kan ń fa kìlógíráàmù bíi 6.9, ti Mercedes ń fa bíi 6.4. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ kékeré náà ti wá.

Ó sì kéré lóòótọ́. Bí a bá gbà pé eré àwọn ọkọ̀ méjèèjì ń pọ̀ sí i déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ìgbà tí eré Mercedes bá di 100, yóò ti rìn tó nǹkan bí mítà 82, BMW yóò sì ti rìn tó nǹkan bí mítà 79. Mítà mẹ́ta tí kò pé ni ó wà láàrin imú ọkọ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju mítà mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé imú BMW ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Mercedes, awakọ̀ èkíní sì lè rí awakọ̀ èkejì gbangba bí ó bá gbójú sọ́nà iwájú díẹ̀. Èyí ni a torí rẹ̀ ń dé ọ̀kan ládé.

Nǹkan mìíràn tí àwọn aláfiwé kì í sábà mẹ́nu kàn ni pé àwọn ọkọ̀ méjèèjì yìí ní ọmọ ìyá tí kò ní wáyà, tí a kò sì fi bátìrì ńlá wọ̀ lọ́rùn. BMW 330i ti ìgbà náà, tí epo nìkan ń gbé rìn, ní agbára ẹṣin 252 bákan náà gẹ́lẹ́, ó sì ń dé 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 5.8. Mercedes C 300 ní ti ẹṣin 245, ìyẹn ni pé ó fi ẹṣin 34 kéré sí C 350 e, síbẹ̀ 5.9 kan náà ni àkókò rẹ̀. Níbo wá ni ẹṣin 34 náà lọ? Bátìrì ni wọ́n ń rù. Wọ́n ń ru wáyà rẹ̀, wọ́n ń ru ẹ̀rọ oníná fúnra rẹ̀ àti ohun gbogbo tí a fi ń tù ú lójú kí ó má baà gbóná jù. N kò sọ èyí láti bu àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà kù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, mo sì gbà pé ọgbọ́n tí ó wà nínú kí ẹ̀rọ méjì máa fi jíà kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ láìjẹ́ kí ẹni tí ó jókòó mọ ìgbà tí ọ̀kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì jẹ́ ọgbọ́n tí ó yẹ kí a dọ̀bálẹ̀ fún. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó ń fi hàn wá pé iná inú bátìrì ni ó ń san gbèsè ìwúwo bátìrì fúnra rẹ̀; nígbà tí iná náà bá sì tán, gbèsè kù, ẹni tí yóò san án kò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọjọ́ tí iná tán. 7.6 kWh kì í ṣe nǹkan púpọ̀. Nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, iná inú bátìrì 330e kò gbé e ju máìlì 14 lọ, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 23. Ti Mercedes, tí bátìrì rẹ̀ kéré sí i, kìlómítà 31 ni àwọn tí ó ṣe é pàápàá ṣèlérí nínú ìwọ̀n ti Yúróòpù, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó lawọ́. Awakọ̀ tí ó bá sì ti kọjá ibẹ̀ láìrí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ epo nìkan ni ó kù fún un ní pàtàkì: ẹṣin 184 tí ń fa kìlógíráàmù 1,735, tàbí ẹṣin 211 tí ń fa 1,780. Ẹ tún pín in: ẹṣin BMW kọ̀ọ̀kan wá ń fa bíi 9.4, ti Mercedes ń fa bíi 8.4. Ààlà tí kò ju ààbọ̀ kìlógíráàmù lọ nígbà tí iná kún ti di odindi kìlógíráàmù kan. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í jẹ́ kí iná tán pátápátá, pé ó ń fi díẹ̀ pamọ́ fún ìrànlọ́wọ́ ojú ẹsẹ̀, àti pé ó ń gba díẹ̀ padà nígbàkigbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n ìṣúra tí ó tó fún ìgbéra kan kò tó fún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ara wọn lórí òkè. Ọkọ̀ tí ó dáhùn kíá nígbà tí a kúrò nílé ní òwúrọ̀ kọ́ ni yóò gbé wa padà ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìwé kọ fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ àbá lásán ni mo ń sọ, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù. Ilẹ̀ Bìrìtìkó fi owó ìrànwọ́ lé irú ọkọ̀ báyìí lọ́wọ́ títí di ọdún 2018. Owó orí tí òṣìṣẹ́ ń san lórí ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fún un kéré bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ oníwáyà. Ní àwọn ọdún tí a gbé àwọn ọkọ̀ méjì yìí jáde, a tilẹ̀ ń yọ̀ǹda owó ìwọ̀lú àárín London fún ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ bá fi hàn pé èéfín rẹ̀ kò ju gíráàmù 75 lọ ní kìlómítà kan, bẹ́ẹ̀ ìwé BMW ń sọ 44, ti Mercedes ń sọ 48. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọkọ̀ náà nítorí owó, wọn kò sì fi wáyà kàn án. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Peckham àti ní àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta tàbí ìkẹrin, tí ọkọ̀ wọn ń sùn sí etí títì, mọ ohun tí mo ń sọ: láti ojú fèrèsé wo ni wọn yóò ti na wáyà sílẹ̀? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Àjọ Yúróòpù gbé àbọ̀ ìwádìí jáde láti inú ohun tí àwọn ọkọ̀ fúnra wọn ń kọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì hàn pé èéfín ọkọ̀ amu-epo-jẹ-iná jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ èyí tí ìwé wọn sọ. Ọkọ̀ tí ń tú èéfín tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ń ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà. Bí bátìrì bá sì ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà, a jẹ́ pé ìgbéra tí ìwé kò kọ, òun gan-an ni àwọn ènìyàn ń gbé kiri.

Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tí kì í wá ọ̀nà láti dín epo kù, ojú àwọn òǹrajà tókúnbọ̀ sì ti ń ṣí sí ọkọ̀ oníbátìrì. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará, kí ẹ tó fi owó iyebíye yín ra ọkọ̀ nítorí 5.9 tàbí 6.1 tí wọ́n kọ sí orí ẹ̀rọ ayélujára, ẹ rántí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná wà nínú rẹ̀ ni nọ́ńbà náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì ọkọ̀ rẹ̀, epo ni ó ń sun láti fi pa epo mọ́. Bátìrì tí ó sì ti lo ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà ìlú mìíràn kò lè gba iná tó bí ó ti ń gbà nígbà tí ó jẹ́ tuntun.

Mo ti gbọ́ èsì àwọn kan, pé ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ yìí, eré kọ́ ni ó ń wá, ìfowópamọ́ ni. Èmi kò gbà. Ìgbéra kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹgẹ̀ nìkan; òun ni ó ń mú ni kọjá tírélà tí ó kún fún ẹrù lójú ọ̀nà olójú kan kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ tó dé, òun ni ó sì ń mú ni bọ́ sínú eré àwọn tí ń bọ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń fọn fèrè lé ni lórí. Awakọ̀ tí ó ti mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń fò ní òwúrọ̀, tí ó sì fi ìmọ̀ yẹn ya tírélà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí bátìrì ti ṣófo, ẹ̀mí ni ó fi ń wọn nọ́ńbà tí a kò kọ fún un. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ìṣirò kì í di odindi nínú ẹnikẹ́ni.

Àwọn àbúrò ọkọ̀ méjèèjì ti dé láti ìgbà náà, nítorí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní ọdún 2019, 330e tuntun dé pẹ̀lú bátìrì 12 kWh, àkókò rẹ̀ sì di 5.9, ẹṣin 292 ni wọ́n ń pariwo fún un, ṣùgbọ́n 40 nínú wọn kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kí wọ́n tó padà sí ibùjẹ. C 300 e tí ó rọ́pò C 350 e ní ẹṣin 320, ó sì ń dé 100 ní 5.4. Èyí tí ó wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn ni C 300 e tí ó jáde ní ọdún 2021: bátìrì rẹ̀ ju 25 kWh lọ, ó lè fi iná nìkan rìn tó nǹkan bí 100 kìlómítà, àkókò rẹ̀ sì padà sí 6.1. Àwọn ará Stuttgart mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdá méje nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tọrẹ, kí bátìrì lè wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Mo kan sáárá sí wọn.

Bí ẹ bá ní kí n dá ẹjọ́ láàrin àwọn àgbà méjèèjì, Mercedes ni mo fún ní ìgbéra, nígbà tí iná kún àti nígbà tí iná tán, ìgbà tí iná tán sì ni ó ti fi borí ní tòótọ́. Mo tún fẹ́ràn ohun kan nínú rẹ̀: nígbà tí a bá ń fi iná nìkan wà á, pẹ́dàlì eré rẹ̀ ń le díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí agbára iná pin sí, bí awakọ̀ bá sì ti ẹsẹ̀ kọjá ibẹ̀ ni ẹ̀rọ epo yóò tó dìde, ẹsẹ̀ ni ó ń bá sọ òtítọ́ tí ìwé kò sọ. BMW ní tirẹ̀ ni mo fún ní bátìrì, nítorí ìlérí òwúrọ̀ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà nínú wọn, kí ó sọ fún ọlọ́jà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun yóò wà á: kí wọ́n ṣáàjì rẹ̀ títí yóò fi kún, kí ó wà á láti 80 dé 120 lójú ọ̀nà tí ó gun òkè díẹ̀, kí ó sì ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó máa wà á kiri títí àmì bátìrì yóò fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó padà sí ẹsẹ̀ òkè kan náà, kí ó tún un kà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà.